Bọ́ílà, kẹ́tù, ṣáwà oníná tàbí hítà onítánkì: èwo ló bá ilé yín mu?

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni màmá mi ní Ìṣarà fárí gá pé àwọn ò fi omi tútù wẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ṣe ń rí ní Rẹ́mọ, tí omi tánkì á dà bíi pé inú fíríìjì ló sùn mọ́jú, kò ní bá wọn jiyàn. Èmi tí mò ń wá àdúrà, mo sáré lọ ra ṣáwà oníná, èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri balùwẹ̀, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá tó sì ń gbóná lójú ẹsẹ̀. Ó funfun báláú, iná búlúù kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Púlọ́ńbà kàn án, oníṣẹ́ iná fa wáyà sí i. A ṣí omi. Omi ń dà, tútù ló tutù, iná búlúù ò sì tàn.

"Màmá, ẹ má bínú o," púlọ́ńbà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Tánkì yín ló kúrú. Omi yín ò lágbára tó máa fi ṣí ẹ̀rọ yìí."

Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo rà á," ni wọ́n wí. "Wá máa bá mi tì í."

Owó ni mo fi kọ́ ọgbọ́n náà. Kẹ́ ẹ má baà fi tiyín kọ́ ọ ni mo ṣe jókòó kọ ìfiwéra yìí. Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé ara tánkì omi àti wáyà ilé ni wọ́n ti ń yan hítà. Ìgbà téèyàn bá ti wo méjèèjì tán ló tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á.

Owó omi lẹ ń san

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde: "Kẹ́tù ò kí ń jẹ iná, hítà ló ń jẹ iná." Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye agbára tí omi lítà kan ń gbà kó tó fi dígírì kan gbóná sí i kì í yí padà, ì báà jẹ́ kẹ́tù ló ń sè é, ì báà jẹ́ bọ́ílà tàbí hítà olówó ńlá. Ẹ gbé garawa lítà 20 yẹ̀ wò. Bí omi inú rẹ̀ bá wà ní dígírì 25, tí ẹ fẹ́ kó dé 40 tí ara ń fẹ́ láti fi wẹ̀, yóò gba bíi yúnìtì 0.35. Bọ́ílà wáàtì 1000 á ṣe é ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 21. Ti wáàtì 1500 á ṣe é ní bíi 14. Ṣáwà wáàtì 3500 á da omi tó tó bẹ́ẹ̀ sí yín lára láàrin ìṣẹ́jú mẹ́fà sí méje. Ọ̀kan pẹ́, èkejì yá, ṣùgbọ́n yúnìtì tí wọ́n jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ wo rìsíìtì tí ẹ fi ra iná sí mítà kẹ́yìn, ẹ pín owó náà sí iye yúnìtì tí wọ́n fún yín. Ká ní ₦200 ló bọ́ sí lórí yúnìtì kan, ₦70 ni garawa omi gbígbóná kan. Ká ní ìlà tí iná kì í pọ̀ lẹ wà, tí yúnìtì kan jẹ́ ₦70, kò ju bíi ₦25 lọ. Ilé elénìyàn márùn-ún tó ń wẹ̀ láàárọ̀ nìkan lè ṣírò tirẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ yúnìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ibòmíràn la ó ti wá ìyàtọ̀: bí iná tí ẹ̀rọ náà ń fà lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó, bí tánkì omi yín ṣe ga tó, iye ẹni tó máa wẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbàgbé. Ti gbígbàgbé yẹn ni mo kà sí jù.

Kẹ́tù àti bọ́ílà onírin

Èyí wà fún ẹni tó ń gbé yàrá kan, pàápàá àwọn ọmọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè tí balùwẹ̀ wọn kì í ṣe tiwọn nìkan. Bọ́ílà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, irin tó lọ́ mọ́ra tí wọ́n ń tì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń tà á. Àmọ́ bí ẹnì kan bá bi mí, kẹ́tù ni màá ní kó rà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Kẹ́tù lítà 1.8 méjì tó hó dáadáa, bí ẹ bá dà á sínú omi tútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 15, á fún yín ní omi ìwẹ̀ lítà 18 tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyẹn tó àgbàlagbà kan wẹ̀, ó sì tún máa ṣẹ́kù tí yóò fi ṣan ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́fà péré ni kẹ́tù kọ̀ọ̀kan ń lò bí iná bá pé. Bí omi bá ti hó, kẹ́tù á pa ara rẹ̀. Bọ́ílà ò mọ ìyẹn. Bí oníyàrá bá sùn lọ tàbí tí wọ́n pè é síta, bọ́ílà á máa se omi lọ títí omi á fi gbẹ dé ìdajì irin náà, irin á pọ́n, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀rá á yọ́, ohun tó bá wà nítòsí á sì gbaná.

Èyí tó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ẹni tó ń ti ọwọ́ bọ omi láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná, nígbà tí bọ́ílà ṣì wà lórí iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín. Bí ara irin bọ́ílà bá ti là, kódà bí ìlà náà bá tín-ín-rín ju irun lọ, gbogbo omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ti di iná nìyẹn.

Bó bá jẹ́ bọ́ílà náà ló wà nílẹ̀ tí kò sí owó kẹ́tù, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó nìyí. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá fi igi gbígbẹ kan dábùú ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé bọ́ílà kọ́ orí igi náà kí irin má kan ara ọ̀rá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Kí omi bo gbogbo ibi tó lọ́ mọ́ra, kó má sì dé ìdí ibi tí wáyà ti wọlé. Ìgbà tí gbogbo èyí bá tò tán lẹ tó máa ki pílọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá gbóná tán, pílọ́ọ̀gì ni kó kọ́kọ́ jáde, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fà á sókè kẹ́ ẹ sì tó fọwọ́ kan omi. Ẹ má fi pílọ́ọ̀gì rẹ̀ sórí ẹ̀kísténṣọ̀n tí fáànù àti fóònù jọ ń lò.

Kẹ́tù náà ní ewu tirẹ̀, omi híhó tí a gbé kọjá láàrin ọmọdé. Ẹ kọ́kọ́ da omi tútù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tó da gbígbóná lé e. Ọmọ tó bá sáré wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kò ní bá omi híhó nìkan pàdé.

Ṣáwà oníná àti hítà onítánkì

Ibí ni owó ńlá wà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ṣubú.

Ṣáwà oníná dùn ún wò. Kò gba àyè, kò sí pé ẹ ń dúró kí ó gbóná, ẹni mẹ́wàá lè wẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn kó má rẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ ni ohun kan wà tó máa ń dúró kí omi tì í kó tó jẹ́ kí iná wọlé. Bí omi bá rọra ń kán, iná ò ní wọlé, torí bó bá wọlé láìsí omi tó tó, irin rẹ̀ á jó. Tánkì tó bá fi mítà mẹ́wàá ga ju orí ṣáwà lọ ló ń fún yín ní agbára báà kan (báà ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe ń fi agbára tì tó). Ọ̀pọ̀ ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò wa, orí irin tó fi mítà méjì tàbí mẹ́ta ga ju orí ṣáwà lọ ni tánkì wọn wà. Báà 0.2 sí 0.3 nìyẹn. Ẹ ka ìwé tó wà nínú páálí ṣáwà náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ agbára omi tó kéré jù sí. Èmi ò kà á. Èèyàn lè fi pọ́ńpù kékeré tì í, ṣùgbọ́n pọ́ńpù náà owó ni, iná ni, ó tún máa ń kùn ní aago márùn-ún àárọ̀.

Ìṣòro kejì ni iná tó ń dákú. Ṣáwà wáàtì 3500, bí fóltéèjì bá pé 230, tí omi ń jáde ní lítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, yóò fi bíi dígírì 17 gbóná ju bó ṣe wọlé lọ. Omi dígírì 25 á di 42. Ó dáa. Àmọ́ bí fóltéèjì bá já wá sí 180, tí gílóòbù ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, agbára ṣáwà náà á já sí nǹkan bíi wáàtì 2100, dígírì 10 péré ni yóò fi kún un. Omi tó jáde á jẹ́ 35, ara ò sì ní gbà á lówùúrọ̀ ọyẹ́. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Hítà onítánkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ti lítà 15 tó jẹ́ wáàtì 1500 á gbé omi láti dígírì 26 dé 60 láàrin ìṣẹ́jú 24 bí iná bá pé. Bí iná bá dákú dé 180, á pẹ́ tó bíi ìṣẹ́jú 39, ṣùgbọ́n á débẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ lẹ́yìn ìyẹn, omi inú rẹ̀ ṣì gbóná fún wákàtí díẹ̀, torí fóòmù tí wọ́n fi wé tánkì náà nínú. Ilé tí iná ń wá tó ń lọ, èyí nìkan tó láti yàn án. Omi tí kò lágbára náà kò dí i lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé omi rẹ̀ lópin. Lítà 15 ní dígírì 60, bí ẹ bá là á mọ́ omi tútù, á di bíi lítà 35 tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni méjì nìyẹn, bí wọn ò bá kọrin nínú balùwẹ̀. Ẹni kẹta á dúró. Bí ilé yín bá jẹ́ irú èyí tí àlejò ń kún bí Ojúde Ọba bá dé, tí ìyàwó ilé, ẹ̀gbọ́n ọkọ àti àwọn ọmọ ń du ìkòkò tíróò nínú yàrá kan náà, ẹ wá ti lítà 30 tàbí kẹ́ ẹ fi kẹ́tù ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní ní kẹ́ ẹ ra èyí tó tóbi nítorí ọjọ́ kan nínú ọdún, torí omi tí ẹ ò lò tí ẹ gbé gbóná ni owó tó ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ wáyà ló kù. Ẹ wò ó báyìí:

| Ẹ̀rọ | Wáàtì | Iná tó ń fà (amp) | Ohun tó ń béèrè |
|---|---|---|---|
| Bọ́ílà | 1000–1500 | 4–7 | ẹni tó máa dúró tì í |
| Kẹ́tù | 2000 | bíi 9 | sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A tó dán mọ́rán |
| Hítà onítánkì, lítà 15 | 1500 | bíi 7 | wáyà 2.5mm tirẹ̀, ògiri tó le |
| Ṣáwà oníná | 3500 | bíi 15 | wáyà 4mm tirẹ̀, bíréékà 20A, tánkì gíga |

Pílọ́ọ̀gì tí a ń lò nílé ò ju 13A lọ. Ẹni tó bá fi ṣáwà 15A sórí rẹ̀ ti ń wá iná sílé ara rẹ̀. Mo ti rí èyí lójú mi nílé ẹbí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bọ̀ọ̀dá ilé náà ní òórùn kan máa ń jáde bí wọ́n bá ń wẹ̀, bí ìgbà tí ike bá ń jó. Mo ní kó pa á, mo fa pílọ́ọ̀gì yọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dúdú, ara rẹ̀ funfun ti di àwọ̀ àkàrà tó jóná, ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ti yọ́ dé bi pé pílọ́ọ̀gì ò fẹ́ jáde. Irú ẹ̀rọ yìí kì í lo pílọ́ọ̀gì. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú àpótí bíréékà wá tààrà, kó lọ sí suwíìṣì olójú méjì, èyí tó ń gé wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó wà níta balùwẹ̀. Ẹ má gbà fún oníṣẹ́ iná tó bá ní òun á já wáyà rẹ̀ láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá. Bó bá fi wáyà wẹ́rẹ́ sí i, ẹ bi í léèrè bóyá nílé tirẹ̀ ni yóò fi í sí.

Bí ẹ bá yan onítánkì, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ mélòó kan. Omi lítà 15 nìkan ti jẹ́ kílò 15, ká má tíì ka irin ara rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí wọ́n fi bóòtù kékeré kàn án mọ́ kò ní gbé e pẹ́. Ẹ ṣí táàpù omi gbígbóná kí omi jáde ṣaara kẹ́ ẹ tó tan iná rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí omi tánkì òkè bá tán, ẹ má tan án rárá. Fáàfù kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa ń kán tótó bí omi bá ń gbóná. Omi tó gbóná máa ń fẹ̀ sí i, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Mo mọ ilé tí wọ́n fi tépù dí i nítorí ó ń rọ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n di ìkòkò tó ń hó lẹ́nu pa. Ẹ so rọ́bà mọ́ ọn kó máa dà sínú ihò omi, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

Inú tánkì ni ọ̀pá màgnésíọ́ọ̀mù kan wà tí ìpẹtà ń jẹ dípò irin. Bí omi bóhòlù yín bá jẹ́ irú èyí tó ń fi àwọ̀ pupa sára ife, ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà yọ ọ́ wò lọ́dọọdún. Bó bá ti tín bí ìgbálẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó dín owó púpọ̀ ju tánkì tuntun lọ.

Ìwọ̀n ooru ńkọ́? Dígírì 60 ni mo fi ti màmá sí. Bí omi bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán nínú tánkì lójoojúmọ́, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Legionella, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè máa bí sí i níbẹ̀. 60 kì í jẹ́ kó rójú. Ṣùgbọ́n omi dígírì 60 lè jó awọ ara láàrin ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, ti ọmọdé àti arúgbó á tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, kẹ́ ẹ tó ṣí gbígbóná. Ti ọmọ ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́ yín lẹ fi máa tọ́ ọ wò, torí àtẹ́lẹwọ́ tó ti ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kì í tètè mọ ohun tó gbóná.

Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí iná tọ̀sán-tòru. Bó bá tutù díẹ̀, á tún gbé ara rẹ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí yúnìtì á fi tán láìsí ẹni tó wẹ̀. Ẹ tan án ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tó wọ balùwẹ̀. Ṣáwà oníná ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́ rẹ̀ lèèyàn ń dúró sí nígbà tí iná wà lórí rẹ̀. Ìyẹn náà wà lára ohun tí mo fi yàn onítánkì.

Áàtì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbá

Wáyà ilẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni kò ní in. Irin bàbà kan ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò á ti ibẹ̀ wọlé. Bí iná bá jò sára hítà, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ sínú ilẹ̀ dípò ara ẹni tó ń wẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tún fi bíréékà tó ń mọ̀ bí iná bá ń jò sí i, ti 30mA. Bọ́tìnì kékeré kan wà lára rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Bí kò bá já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ilé tí kò ní áàtì, kẹ́tù ló mọ, kí ẹnikẹ́ni má kan ohunkóhun mọ́ ògiri balùwẹ̀.

Gáàsì, jẹnẹrétọ̀, ínfátà

Ìkòkò lórí sítóòfù gáàsì kò burú. Garawa kan á jẹ bíi gíráàmù 55 sí 60, bí kílò bá jẹ́ ₦1,200, ó ń lọ sí bíi ₦70, bíi ti iná ₦200. Ẹ dé ìkòkò náà.

Hítà onígáàsì tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ni mo bẹ yín sí. Ó yá, kò bìkítà fún iná ìjọba, bátìrì kékeré méjì ló fi ń tan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì tó ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ ò tó máa ń tú èéfín májèlé jáde tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ẹni tó ń mí i á kàn rò pé oorun ń kun òun. Kò gbọ́dọ̀ wọ balùwẹ̀ láéláé. Ìta ilé, lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìn, ni kẹ́ ẹ kàn án mọ́, kí páìpù nìkan wọlé. Èédú nínú yàrá ń ṣe iṣẹ́ ibi kan náà.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù kò lè gbé hítà kankan. Ínfátà náà, bí kò bá lágbára gan-an, ẹ má gbé e dé ibẹ̀. Ẹni tó ní tánkì dúdú lórí òrùlé tiẹ̀ ní ohun tó dáa jù lọ́fẹ̀ẹ́: ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òòrùn ti bá a se omi náà. Màmá kan ní àdúgbò wa ní Ìṣarà kì í wẹ ọmọ-ọmọ wọn ní ìgbà mìíràn.

Ibi tí tiwa já sí

Ṣáwà funfun yẹn ti lọ sí ilé àbúrò mi ní Ṣágámù. Ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó ń gbé, tánkì wọn wà lókè téńté, ọjọ́ tí wọ́n kàn án náà ni iná búlúù rẹ̀ tàn. Ní Ìṣarà, onítánkì lítà 15 ló wà lára ògiri báyìí, suwíìṣì rẹ̀ wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Màmá á tan án bí wọ́n bá ń lọ kúnlẹ̀ àdúrà òwúrọ̀, wọ́n á pa á bí wọ́n bá ṣe àmín. Omi tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń fọ àwo alẹ́ àná. Wọ́n ṣì ń bi mí léèrè iye tí mo ra ti àkọ́kọ́. Mi ò tíì sọ fún wọn.